Ìbọn Tí Verlin Yìn Kọjá Àádọ́jọ Yáàdì

Ọdún méjìlélógún ni Verlin Haugstad fi kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Montana bí a ṣe ń dọdẹ àgbọ̀nrín. Ọkọ̀ iléèwé ló ń wà jẹun; ọ̀fẹ́ ni kíláàsì ọdẹ. Gbogbo ọmọ tó kọ́ ló mọ ohun tó máa ń wí: ọta lè fò jìnnà gan-an, ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ ni agbára rẹ̀ ń dín kù, tó sì ń já wálẹ̀. Ibi tó ti lè pa ẹran kíákíá ni kí o mọ. Ìbọn bàbá rẹ̀ tí à ń pè ní ọgbọ̀n-ọgbọ̀n ló ń lò, kò sí awò ìwòran lórí rẹ̀, kì í sì í yìn ín sí ẹran tó bá jìnnà ju àádọ́jọ yáàdì lọ. Láti kékeré la ti jọ ń dọdẹ. Mo ti rí i tó jókòó tó ń wo akọ àgbọ̀nrín ńlá kan tó kọjá lọ, torí pé ẹran náà fi ogún yáàdì jìnnà jù.

Lọ́dún tí jẹjẹrẹ mú Ardis ìyàwó rẹ̀, oúnjẹ kankan ò dúró nínú obìnrin náà mọ́ àfi omi ẹran àgbọ̀nrín. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni Verlin wà ní gbogbo àsìkò ọdẹ. Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí ìjọba ti ìgbẹ́, kí àsìkò ọdẹ sì parí, Ardis fúnra rẹ̀ lé e jáde. Ó ní ojú ẹ̀ ti sú òun.

Èmi àti Verlin dùbúlẹ̀ sórí òkè kan tó kọjú sódò, yìnyín wà lórí koríko. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, abo àgbọ̀nrín kan jáde ní òdìkejì odò. Mo gbé awò tí mo fi ń wọn ọ̀nà sójú, mo sì sọ iye tó jẹ́ fún un: igba yáàdì ó lé àádọ́rin. A dúró, kò sún mọ́ wa.

"Verlin, jẹ́ ká fi í sílẹ̀," mo ní.

"Ardis ò rí nǹkan jẹ látàná," ó dáhùn. "Màá gbé ojú ìbọn sókè díẹ̀."

Ó yìn ín. Ọta náà já wálẹ̀ ju bó ṣe rò lọ, ẹsẹ̀ iwájú ló fọ́. Ẹran náà ṣubú, ó dìde, ó sì fi ẹsẹ̀ mẹ́ta wọgbó. A tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Verlin pe aṣọ́gbó, ó sì ro gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un kó tó bi í. Ọkùnrin náà ní ìgbẹ́ ti tì, ṣùgbọ́n òun máa bá wa wá a. Ọjọ́ kejì tá a ti ń wá a la tó rí i láàárín igbó ẹlẹ́gùn-ún. Ajá igbó ti jẹ nínú itan rẹ̀, ó sì wà láàyè síbẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó ń wò wá. Aṣọ́gbó bèèrè ta ni yóò parí rẹ̀. Verlin ló yìn ín. Ẹran náà ti bàjẹ́, kò ṣeé jẹ.

Nígbà tá a délé, Ardis bèèrè bí ẹran náà ṣe kú. Mo rò pé Verlin yóò purọ́.

"Mo yìn ín lókèèrè," ó ní. "Ó jẹ̀rora fún ọjọ́ méjì."

Ardis bi í pé, "Nítorí mi?"

"Rárá. Èmi ni mi ò fẹ́ wọlé lọ́wọ́ òfo."

"O mọ̀ pé mi ò ní fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀," Ardis ní. Ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Àwọn aládùúgbò gbé ẹran tiwọn wá láti inú fìríìsà. Ṣíbí méjì péré ni Ardis mu nínú omi rẹ̀. Ó kú nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan sí Kérésìmesì.

Nígbà tí kíláàsì bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹrin, Verlin dúró níwájú àwọn ọmọ, ó sì sọ ohun tó ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò dárúkọ àìsàn Ardis rárá. Bàbá ọmọ kan sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà pé irú ẹ̀ ò yẹ lẹ́ni tí ń kọ́ ọmọ. Mo fẹ́ dá sí i, Verlin ní kí n fi í sílẹ̀, òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ. Ó fi kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn tó ti ń kọ́ wọn lé mi lọ́wọ́. Èmi ló ń kọ́ wọn báyìí, mi ò sì mọ̀ ọ́n kọ́ tó Verlin.

Nígbà tí ìgbẹ́ tún ṣí, mo bẹ̀ ẹ́ títí kó bá mi jáde. Ó ní òun máa bá mi ru ẹran tí mo bá pa, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó jókòó sínú ọkọ̀ látàárọ̀ dọ̀sán, ó ṣí fèrèsé sílẹ̀ nínú òtútù, ó ń dẹtí sí ìró ìbọn mi.