Orúkọ Tí Ìyá Mi Kò Lè Pè

Òórùn wàrà tí wọ́n ń dín nínú òróró gbígbóná ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi lọ́kàn tí ẹnì kan bá bi mí pé kí lorúkọ mi. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Ìyá mi máa ń dín wàrà tà lẹ́nu ọ̀nà agboolé wa, níbi tí kò jìnnà sí Ọjà-Ọba, bàbá mi sì máa ń kó aṣọ lọ sókè Ọya; wọ́n á lọ fún oṣù méjì, wọ́n á dé fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní ìyá àgbà, ló ni yàrá tó wà létí ẹnu ọ̀nà, kò sì sí ohun tó ń wọlé tàbí tó ń jáde tí kì í gba ojú wọn kọjá. Orúkọ wọn ni bàbá mi ní kí àáfà sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n bí mi. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Bàbá mi wo ilé, ìyá wọn ni wọ́n rí.

Ṣùgbọ́n ní agboolé wa, ìyàwó kì í pe orúkọ ìyá ọkọ. Kò sì gbọdọ̀ pe ọmọ tó bá ń jẹ́ orúkọ náà, ìbáà jẹ́ ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí. Ìyá Kékeré ni ìyá mi ń pè mí. Àwọn ìyàwó ilé yòókù ń pè mí bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ wọn gbà á lẹ́nu wọn, títí tó fi jẹ́ pé bàbá mi àti àáfà tó ń kọ́ wa ní kéwú nìkan ló kù tó ń pe orúkọ mi gan-an, bàbá mi kì í sì í sí nílé. Wọ́n ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Èmi kò ní ìjánu, mo kàn ń rìn kiri. Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn Ìyá Kékeré yẹn dáadáa, nítorí mo máa ń ní kí àwọn ọmọ tó jù mí lọ kúnlẹ̀ kí mi. Ẹni tó bá kọ̀, màá sunkún lọ bá ìyá àgbà.

Mo rántí ọjọ́ tí ìyá mi mú mi lọ síléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi wà lókè Ọya. A tò sórí ìlà lábẹ́ igi máńgòrò, tíṣà obìnrin kan jókòó sídìí tábìlì, ó ń kọ orúkọ àwọn ọmọ sínú ìwé ńlá kan. Ọmọbìnrin kan tó mú ìrèké lọ́wọ́ ló wà níwájú wa. Nígbà tó kàn wá, tíṣà béèrè orúkọ mi, ìyá mi sì ń wo ilẹ̀. Ó tún béèrè. Ìyá mi tún ìborùn wọn ṣe. Ni tíṣà bá kọjú sí èmi, mo sì fi ohùn gooro dáhùn pé Ìyá Kékeré. Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín.

“Ìyá ta ni?” ni tíṣà wí. “Ìyá ọmọ, ẹ dákun, èrò pọ̀ lẹ́yìn yín. Kí ni kí n kọ?”

Ìyá mi ní, “Àmínátù.”

Tíṣà kọ ọ́. Bí mo ṣe di Àmínátù nìyẹn. Fún ọdún púpọ̀ ni mo rò pé ọgbọ́n kan wà nídìí ẹ̀. Mo gbà pé orúkọ tí ìyá mi ti fi pamọ́ fún mi sínú ọkàn wọn ni, mo sì máa ń fọ́nnu fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé orúkọ ìyá Ánábì ni ìyá mi dìídì yàn fún mi. Nígbà tí mo wá bi wọ́n, mo ti ń lọ bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n ń gé wàrà lọ́wọ́, wọn ò sì gbójú sókè. Wọ́n ní orúkọ ọmọ tó mú ìrèké yẹn ni. Òun ni àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Ọmọ náà àti èmi jọ wà ní kíláàsì kan fún ọdún mẹ́fà. Òun ni Àmínátù, èmi ni Àmínátù Kejì.

Kì í ṣe orúkọ mi, síbẹ̀ wọn ò lè kọ ọ́ dáadáa. Níbì kan wọ́n kọ Àmínà, níbì kan wọ́n kọ Àmínátà, báǹkì kan sì sọ mí di Àmínù, tí wọ́n fi ń kí mi ní Ọ̀gbẹ́ni lórí fóònù títí dòní. Àwọn ọ̀rẹ́ mi a máa bínú tí wọ́n bá ṣi orúkọ wọn kọ. Wọ́n á pààrà ọ́fíìsì, wọ́n á pariwo. Èmi kì í sọ nǹkan kan. Aṣọ tí kì í ṣe tèèyàn, tó bá ya, ariwo kí lèèyàn fẹ́ pa?

Iṣẹ́ tíṣà ló wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dé ojú ọ̀gbagadè. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wá a lẹ́yìn tí mo jáde níléèwé olùkọ́ni, ọdún mẹ́rin tí mo fi ń bá ìyá mi ta wàrà, tí mo sì ń fi ìwé ẹ̀rí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí wọ́n gbà mí tán, wọ́n ní kí a kó ìwé wa wá fún àyẹ̀wò. Ìwé ọjọ́ ìbí tí bàbá mi gbà fún mi ń jẹ́ orúkọ ìyá àgbà, ìwé ẹ̀rí mi ń jẹ́ Àmínátù. Akọ̀wé tó ń yẹ̀ wọ́n wò tẹ́ méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó ní èèyàn méjì nìyí, èwo nínú wọn ni wọ́n gbà síṣẹ́? Ó ní kí n lọ sí kóòtù, kí òbí mi búra pé ọ̀kan náà ni wọ́n, kí n mú ìwé ìbúra náà wá kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Tí n kò bá mú un wá, àwọn á fi ẹlòmíràn dípò mi. Bàbá mi ti kú nígbà náà. Ìyá àgbà ti ṣáájú wọn lọ. Ìyá mi nìkan ló kù.

Lọ́jọ́rú, a wọ kẹ̀kẹ́ láti Ọjà-Ọba, a gba Post Office kọjá. Ní ìta kóòtù náà, àwọn tó ń tẹ̀wé jókòó sábẹ́ agboòrùn, ọ̀kan nínú wọn bá wa tẹ ìbúra náà, a sì gbé e lọ fún òṣìṣẹ́ kóòtù tó máa fọwọ́ sí i. Ọkùnrin náà kà á tán, ó túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi, ó sì ti Kùránì síwájú wọn.

“Màmá, ẹ̀yin lẹ bí i?”

“Èmi ni, Àlàájì.”

“Kí lorúkọ tí ẹ sọ ọ́?”

Ìyá mi ń wo Kùránì náà.

“Ẹ ò kàwé, màmá, torí náà mo gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu yín kí n tó fọwọ́ sí i.”

“Ó wà nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín.”

“Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹnu yín ni mo fẹ́ gbọ́.”

“Orúkọ ìyá ọkọ mi ni.”

“Ó dáa. Kí ni ìyá ọkọ yín ń jẹ́?”

Ìyá mi tún ìborùn wọn ṣe. Ni ọkùnrin náà bá rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ìlú wa ni wọ́n bí i sí, ó mọ bí ọ̀rọ̀ ìyàwó ṣe rí. Ó ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba, kí a lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. A jókòó láti àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Ayílà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí i tí ètè ìyá mi là, tó tún padé. Mo ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá àgbà ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án.”

Wọ́n ní, “Mo mọ̀. Èmi ni mo pọn omi tí wọ́n fi wẹ̀ wọ́n.”

“Iṣẹ́ mi ni, màámi.”

“Mo mọ̀.”

Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún, wọ́n sì tún gbé e kúrò. Nígbà tí òṣìṣẹ́ náà kírun dé, tó bá wa bí ó ṣe fi wá sílẹ̀, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Ó ní ọ̀nà kan ṣì wà tí kò gba ìyá: kí èmi fúnra mi búra pé mo ti fi orúkọ àkọ́kọ́ sílẹ̀, pé Àmínátù ni mo ń jẹ́ láti òní lọ. Mo gbọ́wọ́ lé Kùránì, mo búra. Wọ́n gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn, ìlà mẹ́ta péré: èmi tí mo ń jẹ́ báyìí tẹ́lẹ̀, mo di báyìí. Mo wá ara mi láàárín àwọn lẹ́tà wíńníwínní yẹn, mo rí i, mo dúró bóyá nǹkan á ṣe mí. Nǹkan kan kò ṣe mí. Mo ká ìwé ìròyìn náà, mo lọ jẹ ẹ̀wà.

Iṣẹ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni n kò fi bá ìyá mi sọ ju ẹ káàárọ̀ àti ẹ kúulé lọ. Mo rò pé ìyà ńlá ni mo fi ń jẹ wọ́n. Bí mo bá ti yọ, wọ́n á ní Ìyá Kékeré káàbọ̀, wọ́n á sì gbé oúnjẹ síwájú mi. Àǹtí mi, àbúrò bàbá mi obìnrin, ló wá kí wa, tó rí bí mo ṣe fajú ro, tó fà mí sẹ́yìn ilé.

Ó ní, “O ò tíì tó ọmọ ọdún méjì. Ìyá ẹ ń dín wàrà, o ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ bọ̀, o nawọ́ sétí agbada òróró. Ló bá pariwo orúkọ ẹ. O dúró. Wálláhì, ibi tó o wà gan-an lo dúró sí. Ṣùgbọ́n ìyá wa ló dáhùn láti inú yàrá, wọ́n jáde síta, wọ́n ní ta ló ń pe àwọn bí ẹni ń pe ọmọdé?”

Gbogbo agboolé pé jọ. Láti ìrun Alásàrí títí di Mọ̀ǹgàríbà ni ìyá mi fi wà lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ agbada, wọ́n ní ọmọ ni àwọn ń pè, ìyá àgbà ní ẹnu tó pe àwọn yìí kò gbọdọ̀ pe àwọn mọ́ láéláé. Wọ́n gbé Kùránì wá. Ìyá mi búra. Àǹtí mi sọ ọ́ tán, ó nu ojú rẹ̀. Èmi ń wo ògiri. Ó yẹ kí n lọ bẹ ìyá mi nígbà náà, mo mọ̀ pé ó yẹ, n kò sì lọ. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ wọn tán.

Ọdún púpọ̀ ti kọjá lórí ìyẹn kí àìsàn tó dá ìyá mi wólẹ̀, tí mo gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi. Lọ́sẹ̀ kan, wọn ò fẹnu kan oúnjẹ láti àárọ̀ títí ìrọ̀lẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo rò pé àìsàn náà ló ń le sí i. Lọ́jọ́ kẹrin, lọ́sàn-án, mo ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, mo gbọ́ ohùn wọn láti inú yàrá. Orúkọ ìyá àgbà ni wọ́n pè. Ẹ̀ẹ̀kan ni, ó sì já gaara. Mo ní ọ̀rọ̀ àìsàn nìyẹn, wọ́n ti ń bá òkú sọ̀rọ̀. Mo fọ abọ́ tán, mo da omi nù, mo po ògì kí n tó wọlé.

Wọ́n ti la ojú sílẹ̀. Wọ́n ní, “Mo pè ọ́.”

“Mi ò gbọ́, màámi.”

“O gbọ́.” Wọ́n mí díẹ̀. “Mo ti gba ààwẹ̀ láti fi tú ìbúra yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta. Àáfà ní ó tó.”

Ìgbà yẹn ló yé mi. Mo gbé ògì sílẹ̀. Mo ní, “Ẹ tún un pè.”

Wọ́n ní, “Ó ti rẹ̀ mí. Tó bá di ọ̀la.”

Nígbà tó di ọ̀la, ẹnu wọn kò ṣí mọ́. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, a gbé wọn lọ sí itẹ́ òkú.

Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé. Àǹtí Àmínátù ni wọ́n ń pè mí, báǹkì ṣì ń kí Ọ̀gbẹ́ni Àmínù, èèyàn sì máa ń bi mí bóyá kò dùn mí. Kò dùn mí. N kò mọ ibi tí dídùn náà ì bá wà lára mi. Nígbà míì tí mo bá ń dín wàrà lópin ọ̀sẹ̀, mo máa ń pe orúkọ náà fúnra mi, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, mo sì máa ń yí wàrà lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ìyá mi fi pè é láyé. Lẹ́ẹ̀kíní, ìyá àgbà ló dáhùn. Lẹ́ẹ̀kejì, èmi nìkan ló kù tó ń jẹ́ orúkọ náà, mo gbọ́, mo sì ń fọ abọ́.