Ọta Ìbọn Lókè Ààrò

Ìyàwó mi kò fọwọ́ kan ìbọn rí, ṣùgbọ́n òun ló ń tọ́jú ọta mi. Ní ìhà Ayétòrò tiwa yìí, òjò kì í jẹ́ kí ọta pẹ́. Tí omi bá kàn án, ara rẹ̀ á wú, kò ní wọ ìbọn mọ́. Tí ọ̀rinrin bá wọ inú rẹ̀, kò ní dún.

Ó máa ń fi ọ̀rá wé wọn, á kó wọn sínú agolo mílíìkì tó da èédú díẹ̀ sí nísàlẹ̀, á sì gbé agolo náà sórí àjà lókè ààrò, níbi gíga tí ooru ń dé ṣùgbọ́n tí iná kò lè dé. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Ìwọ lo ni ìbọn, ìyàwó ẹ ló ni ọta.”

Nígbà tí ìjọba ti bodè tí ọta ń gbà wọlé, ọta di ohun àwátì. Ìwọ̀nba tó wà nínú agolo ni mo gbẹ́kẹ̀lé. Ìgbà náà ni àìsàn dá ìyàwó mi wó. Èéfín ń mú un wúkọ́, nítorí náà a kò dá iná igi mọ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń se oúnjẹ wá láti ilé tirẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun ìyàwó mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, “Baálé mi, ṣé àparò kò ké lóko yín mọ́ ni?”

“Wọ́n ń ké.”

“Wọ́n ń ké, ẹ wá jókòó tì mí bí ìyá àgbà! Omi ọbẹ̀ àparò ni ọkàn mi ń fẹ́.”

Ó ti pẹ́ tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè oúnjẹ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé agolo sọ̀kalẹ̀, mo kó ọta inú rẹ̀, mo lọ sóko. Àwọn àparò jáde sáàárín ebè ẹ̀gẹ́, wọ́n sún mọ́ mi dáadáa. Mo yìnbọn. Kò dún. Mo pààrọ̀ ọta, kò dún. Wọ́n fò lọ.

Mo tú ọ̀rá tó kù wò. Omi ti sẹ̀ sínú rẹ̀ bí òógùn. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo rò pé agolo àti ọ̀rá ló ń gba ọta lọ́wọ́ omi. Iná tí ìyàwó mi fi ń se oúnjẹ ni. Láti ìgbà tí ààrò ti tutù ni ọ̀rinrin ti ń wọlé.

Mo yà sílé ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ ọdẹ.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ yá mi ní ọta kan péré.”

“Àbúrò, tí mo bá ní, ṣé mi ò ní fún ẹ ni? Ìbọn tèmi náà ti di ọ̀pá ìtilẹ̀. Lọ pa adìẹ fún un.”

Mo pa adìẹ. Mo sè é fúnra mi lẹ́yìnkùlé, níbi tí èéfín kò ti ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó tọ́ ọ wò.

“Adìẹ nìyí.”

“Adìẹ ni.”

“Àparò ńkọ́?”

Bí mo bá sọ pé ọta ti rin, yóò béèrè ìdí, yóò sì mọ̀ pé pípa tí a pa iná nítorí òun ló ba ọta jẹ́.

“Wọ́n sá,” ni mo wí.

“Ọdẹ tí àparò ń sá fún!” Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ kò jẹ́. Ó ti abọ́ náà sí ọ̀dọ̀ mi. “Ẹ jẹ ẹ́, kó má bàa tutù.”

Mo jẹ ẹ́, nítorí pé ó ń wò mí. Bodè ṣì wà ní títì nígbà tí a sin ín. Láti ọjọ́ ọbẹ̀ adìẹ yẹn, kò tún béèrè oúnjẹ kankan lọ́wọ́ mi mọ́.