Fèrèsé Yàrá Ìyá Mi

Ilé amọ̀ tí wọ́n bí mi sí lẹ́yìn ọjà Ìpàta kì í gbóná. Ògiri rẹ̀ ki, àjà rẹ̀ ga, oòrùn a sì jà títí níta kó tó ráyè wọlé. Nígbà tí bàbá mi papòdà, mo mú ìyá mi kúrò níbẹ̀ wá sọ́dọ̀ ara mi ní àdúgbò Basin. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ ṣubú níbi tí kò ti sẹ́ni tó máa gbé e dìde.

Ooru tó ń ṣáájú òjò ló kí i káàbọ̀. Páànù ló wà lórí ilé búlọ́ọ̀kù mi. Tó bá ti di ọ̀sán, ẹ ó rò pé wọ́n dáná sókè àjà ni. Mo ra ẹ̀rọ amúlétutù sí yàrá rẹ̀, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Ìyá mi ní kí n tàn án, ó wá ṣí fèrèsé méjèèjì àti ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Mítà iná bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé.

"Ìyá, gbogbo ojú pópó lẹ ń fún ní atẹ́gùn yìí o!"

"Ṣé kí n ti wọnú sàréè kí ọlọ́jọ́ tó dé ni? Jọ̀ọ́, dá mi padà sílé mi."

Mo fi fèrèsé sílẹ̀ bó ṣe wà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n mú iná lọ. Mo ní ó parí, yóò dẹrù rẹ̀ lónìí. Àfi bó ṣe kírun Àìlà tán tó ní kí n bu omi wá. Ó wọ́n ọn sílẹ̀ sìmẹ́ńtì, ó ti fèrèsé tó kọjú sóòrùn, ó ṣí èkejì, ó fi ìró tútù kọ́ sójú rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹní.

"Sùn síbí. Ṣé iná la fi tọ́ yín dàgbà ni?"

Òórùn ilẹ̀ tútù yẹn gbé mi padà sí Ìpàta. Mo sùn fọnfọn. Nígbà tí a jí, iná ti dé, kò sì sẹ́ni tó rántí ẹ̀rọ.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ náà. Mítà sinmi, ọ̀rọ̀ à-ń-lọ-sílé sì tán lẹ́nu ìyá mi. Ọ̀dọ̀ mi ló wà títí Ọlọ́run fi pè é.

Èmi ni mo ń sùn ní yàrá náà báyìí. Orúnkún mi kò gba ẹní mọ́, nítorí náà ẹ̀rọ ni mo ń tàn. Ṣùgbọ́n kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi á ti ṣí fèrèsé. Ọmọbìnrin mi a sì figbe ta:

"Mọ́mì, ojú pópó lẹ ń fún ní atẹ́gùn o!"

Òótọ́ ló sọ. Mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Àárò ìyá mi ń sọ mí, ibi fèrèsé yẹn nìkan ló sì kù tó ti ń wọlé wá bá mi.