Bí Àǹtí Bísí Ṣe Gúnlẹ̀ sí Erékùṣù Vanuatu

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí a fi kúrò ní Peckham, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Bísí. Ọmọ Ìlọrin ni awakọ̀ tó wá gbé wa lọ sí Heathrow.

"Ẹ̀yin màmá, ṣé ilé lẹ̀ ń lọ ni?"

"Rárá o," ni Àǹtí wí. "Òkun Pàsífíìkì là ń lọ. A fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi yí ká àwọn erékùṣù tí ọkọ̀ òfurufú kì í bà sí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ fẹ́ lọ wá níbẹ̀?"

"Gbogbo ọdún tí mo fi gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní Elephant and Castle, àwòrán òkun yẹn ló wà lára ògiri wọn. Mo ti fẹ̀yìntì báyìí. Ó ti kàn mí."

A gba Singapore, a gba Australia, kí a tó dé Port Vila, olú ìlú Vanuatu. Bí a ṣe bọ́ sílẹ̀ ni ooru kí wa bí ooru Èkó. Ọjà wọn kún fún kókò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iṣu tó gùn ju apá mi lọ. Ọgọ́rùn-ún vatu, ìyẹn owó wọn, ni a ra àgbọn tútù kan. Kò tó pọ́n-ùn kan. Ẹni tó tà á fún wa dúró títí a fi mu omi rẹ̀ tán, ó sì là á kí a lè jẹ inú rẹ̀.

Ọkọ̀ ojú omi wa kò tóbi, ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní. Àwọn erékùṣù tí a ń lọ kò ní èbúté. Inú ibú ni ọkọ̀ ń dúró sí, èèyàn á wá fi àkàbà sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ rọ́bà kékeré. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di wàhálà, nítorí orúnkún ń dun Àǹtí. Ní erékùṣù àkọ́kọ́, Helen, òyìnbó tó ń darí ìgúnlẹ̀ wa, ní ìgbì ti le jù fún wọn. Àǹtí dúró lórí ọkọ̀, wọ́n ń wò wá lọ. Nígbà tí mo padà dé, a jọ jókòó sídìí tábìlì. Oúnjẹ alẹ́ wọn tutù níwájú wọn.

"Àbúrò mi," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn, "bí n kò bá fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, àwòrán ara ògiri náà ni mo tún wá wò."

Ní ọjọ́ kejì, ní erékùṣù kejì, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ wọ ẹ̀wù ìlúwẹ̀ẹ́ tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì. Òkun ti rọlẹ̀ díẹ̀. Helen wò wọ́n títí, ó sì gbà. Ìdí ni Àǹtí fi wọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà náà, àwọn atukọ̀ dì wọ́n mú.

Ọkọ̀ rọ́bà kò dé iyanrìn tán. Omi ni a ó bọ́ sí. Àǹtí ki ẹsẹ̀ kan bọ omi, ìgbì dé láti ẹ̀yìn, ó gbé wọn ṣubú! Kí n tó fò sílẹ̀, àwọn obìnrin tó wá pàdé wa pẹ̀lú òdòdó ti sáré wọ omi tòun taṣọ. Ìyá kan tó ti hewú gbá wọn mú níbàdí.

"Sista, yu oraet?" Ó ń béèrè bóyá àlàáfíà ni wọ́n wà.

Mo rò pé Àǹtí á sunkún. Wọ́n wú ikọ́, wọ́n tu omi iyọ̀ dànù. "I dey o! Na water just wan greet me."

Ni àwọn obìnrin náà bá bú sẹ́rìn-ín. Ó yé wọn! Bislama ni wọ́n ń pe èdè tí gbogbo erékùṣù wọn jọ ń sọ, àbúrò pijin tiwa ni.

"Yu blong wea?" Ìyá náà ń béèrè ibi tí wọ́n ti wá.

"Nigeria. But na London I dey live."

Ìyá náà kò gbọ́ orúkọ Nigeria rí. Ó gbé apá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ apá Àǹtí, àwọ̀ kan náà ni. Ó fọwọ́ kan irun dídì wọn tó yọ lábẹ́ gèlè. Lea lorúkọ rẹ̀, ó sì mú wọn lọ sílé rẹ̀ láti pààrọ̀ aṣọ. Ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ aláràbarà ni wọ́n wọ̀ jáde.

Àwọn obìnrin náà wá dúró nínú omi títí dé ìbàdí, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ojú omi. Ó ń dún bí ìgbà tí ogún èèyàn jọ ń gúnyán. N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láyé mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé laplap wá: iṣu tí wọ́n rin, tí wọ́n pò mọ́ omi àgbọn, tí wọ́n fi ewé wé, tí wọ́n sì fi òkúta gbígbóná bò títí ó fi jinná.

"Ìkókoré tí wọ́n wé bíi mọ́ínmọ́ín nìyí," ni Àǹtí wí, wọ́n sì tún bù sí i.

Nígbà tí a ń lọ, Àǹtí fẹ́ dá ẹ̀wù náà padà, Lea kọ̀. Àǹtí bá tú gèlè orí wọn, wọ́n wé e fún un. Lea fúnra rẹ̀ ló dì wọ́n mú gba inú omi títí wọ́n fi jókòó sínú ọkọ̀.

Òjò ń rọ̀ nígbà tí a padà dé Peckham. Ó ti pẹ́ tí obìnrin kan ti ń gbé ní ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí tiwa. "Mọ́níìn" nìkan ló ń pa wá pọ̀. Bí mo ṣe ń wá kọ́kọ́rọ́ ni mo gbọ́ tí Àǹtí ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ṣí i díẹ̀, ẹ̀rù bà á.

"Bísí ni mò ń jẹ́," ni Àǹtí wí fún un ní Gẹ̀ẹ́sì. "Jọ̀ọ́, kí lorúkọ rẹ?"

Obìnrin náà ní Maureen ni òun, ó sì ṣí ilẹ̀kùn gbayawu pé kí a wọlé wá mu tíì. Ìta ni a fi àpótí wa sí.