Iṣu Orí Àpáta

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé arúgbó kì í ṣe ìwọ́de. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ń ro mí, etí mi kan kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, síbẹ̀ gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mò ń gun ọ̀kadà zẹ́mì láti abúlé wa lápá Gbaffo lọ jókòó sílẹ̀ níwájú búrò, ọ́fíìsì ìjọba. Àwa obìnrin méjìlá ni, ẹnì kan láti ilé kọ̀ọ̀kan. A kì í pariwo. Àwọn òṣìṣẹ́ á gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá bí ẹni pé a kò sí níbẹ̀.

Ohun tí a ń bèèrè kò pọ̀: kí wọ́n fi àpáta wa sílẹ̀ fún wa ni. Àpáta pẹrẹsẹ kan wà lẹ́yìn abúlé tí a ti ń sá iṣu èlùbọ́ láti ayé àwọn ìyá ọkọ wa. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ààyè tirẹ̀ níbẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ la fi pààlà. Àwọn kan wá fi ọ̀dà pupa sàmì sí i, wọ́n ní àwọn ti gbàṣẹ láti fọ́ ọ tà. Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè. Inú bí mi débi pé mo ní wọn yóò kọ́kọ́ fọ́ èmi ná.

Àmọ́ iṣẹ́ ilé kì í dúró de ìwọ́de. Iṣu tí a bá ti bẹ, tí a kò bá tètè sá a, á bàjẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí a jọ ń gbé láti ìgbà tí àwa méjèèjì ti di opó, a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Ohun tí a wá ń ṣe ni pé mẹ́fà á lọ, mẹ́fà á dúró ti iṣu. Lọ́dọ̀ wa, bí òjò bá ṣú, ẹni tó bá wà nítòsí ló ń kó ti gbogbo ènìyàn, ti ẹlòmíràn ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí tirẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kó gbàgbé láéláé.

Lọ́sẹ̀ kan, wọ́n ránṣẹ́ pé ọ̀gá búrò fúnra rẹ̀ fẹ́ rí wa. Èmi ni mo ní kí gbogbo wa lọ pátá, kó lè rí i pé a pọ̀. Ẹnì kan bèèrè ẹni tí yóò ṣọ́ iṣu. Mo ní òjò wo ló fẹ́ rọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí? Ẹnu mi ló kó bá mi. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, dá sí i láti ẹnu ọ̀nà.

“Ẹ máa lọ. Mo wà ńlé.”

Mo rẹ́rìn-ín sí i.

A jókòó títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Wọ́n wá ní ọ̀gá ti lọ sí Kútọnu. Àárín ìgbà yẹn ni ojú ọjọ́ ṣú lápá abúlé wa, tí àkọ́rọ̀ òjò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí zẹ́mì fi máa gbé mi délé, omi ti ń ṣàn lórí àpáta. Mo rí iṣu ilé mọ́kànlá lábẹ́ ọ̀rá ńlá, òkúta tẹ igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀. Tiwa nìkan ló wà níta. Ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, itan rẹ̀ ti ṣẹ́, agbọ̀n ò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lajú wò mí.

“Ṣé ọ̀gá yẹn dá yín lóhùn?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dá wa lóhùn, àpáta ti di tiwa padà. Ó ní ó dára.

Kò lò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi kú. Lọ́jọ́ ìsìnkú, obìnrin mọ́kànlá gbé èlùbọ́ wá, láti ara iṣu tó kó kúrò lójò. Wọ́n fi rokà fún àwọn tó wá kí wa. Èmi kò fọwọ́ kàn án. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí, èmi ni mo sì fà á.

Ọ̀dà pupa ṣì wà lára àpáta. A ti padà sí mẹ́fà-mẹ́fà. Àwọn ọmọ mi ń bẹ̀ mí pé kí n jókòó sílé, pé ó tó gẹ́ẹ́. Wọn ò mọ ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nínú òjò. Mo gbọ́dọ̀ lọ títí ẹnì kan yóò fi dá wa lóhùn, torí mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé irọ́ ni mo fi sin ín.