Ọdún Tí A Ń Fi Fóònù Wá Ẹni Tí Yóò Bá Wa Gbá Bọ́ọ̀lù

Ẹni tó bá ní ìkíni kì í ṣe iṣẹ́, ẹ ní kó wá bá mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà, mo háyà yàrá kan ní New Carrollton, ní Amẹ́ríkà. A ṣì ń ra káàdì fóònù ká tó lè pe ilé. Ilé-ẹ̀kọ́ wa ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, tí wọ́n ń gbéra wọn ṣánlẹ̀. Lọ́dún yẹn, a ti kúrò nínú líìgì àtijọ́, òmíràn kò sì tíì gbà wá. Àwọn tó wà ní líìgì, líìgì ló ń yan ẹni tí wọ́n máa bá gbá fún wọn. Àwa ńkọ́? À ń tọrọ kiri ni! Èmi ni kóòṣì wa gbà sí ọ́fíìsì pé kí n máa pe àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn.

Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ mi nílé. Ṣé mo wá lè máa bẹ àgbàlagbà ní nǹkan láìkí i? Màá kọ́kọ́ béèrè ilé, màá béèrè ìyàwó, màá béèrè ọmọ. Kóòṣì wa á máa nàka sí aago ara ògiri. "Fóònù ilé-ẹ̀kọ́ nìyẹn o, kì í ṣe ti ìyá ẹ!" Inú bí mi, àmọ́ mi ò jáwọ́.

Kóòṣì àgbà kan wà ní ìpínlẹ̀ kejì. Ó ní àwọn ò ní àyè. Nígbà tí mo béèrè ìyàwó, ó ní ìyàwó òun ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ dá. Háà! Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè ni mò ń pè é. Mi ò sọ ti bọ́ọ̀lù mọ́. "Ẹsẹ̀ Màmá ńkọ́, sà?"

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọdún bọ́ọ̀lù parí, àwọn tó yẹ kó wá bá wa gbá nílé kẹ́yìn ní àwọn ò wá mọ́. Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n wá yẹn sì ni àwọn òbí máa ń di ọwọ́ ọmọ wọn tó fẹ́ jáde ilé-ẹ̀kọ́ mú wọ pápá. Ọmọ Nàìjíríà kan wà láàárín wọn. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀ ní ìlú Clinton, iṣẹ́ ò jẹ́ kó wòran ọmọ yìí rí fún ọdún mẹ́rin. Ó ti wá gbàyè Sátidé yẹn. Ọmọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi.

"Àǹtí, kí ni kí n sọ fún mọ́mì mi?"

 Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, mo pe kóòṣì àgbà. Ó ní ìyàwó òun ti ń fi ọ̀pá rìn. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ohùn mi ò dùn. "Kí ló ṣe ẹ́?" Mo bá rò fún un.

"Sátidé yẹn? Ọjọ́ ìsinmi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi ni. Jẹ́ kí n bi wọ́n."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó pè padà: wọ́n ń bọ̀.

Wọ́n lù wá bí ẹni lu bàrà! Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ti di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú wọ pápá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Nígbà tí wọ́n gbá ọmọ náà lulẹ̀, ìyá rẹ̀ figbe ta: "Yéè! Ẹ rọra o!"

Lẹ́yìn náà, òyìnbó àgbà obìnrin kan ń tẹ̀pá bọ̀ láti ibi bọ́ọ̀sì wọn. Ó ń béèrè ọmọbìnrin ọjọ́ Mọ́ńdè. Kóòṣì wa nàka sí mi.

"Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́," ó ní, "ìwọ nìkan lo ṣì ń béèrè ẹsẹ̀ mi."

Mo kúnlẹ̀ kí i lórí koríko. Ó rò pé mo ṣubú ni, ló bá na ọ̀pá rẹ̀ sí mi kí n fi dìde.