Hóró Oògùn Inú Agolo Mílíìkì

Ọdún kọkànlá rèé tí Nọ́ọ̀sì Ọlọ́lá ti ń tọ́jú egbò àwọn apẹja ní Awóyè, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń tẹnu rẹ̀ jáde lójoojúmọ́: "Ẹ lo oògùn yìí tán. Bí egbò tilẹ̀ jiná, ẹ lò ó tán!" Wọ́n á ní àwọn ti gbọ́. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ̀gún ẹja gún Ísákì lẹ́sẹ̀. Ọlọ́lá fún un ní oògùn ọjọ́ méje. Egbò gbẹ lọ́jọ́ kẹta, Ísákì bá fi ìyókù ta àwọn tí wọ́n jọ ń pẹja lọ́rẹ. Nínú ọkọ̀ wọn, ahun nìkan ló ń dá jẹ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é bọ̀ nìyẹn: hóró méjì fún ẹni tí ara ń ro, mẹ́ta fún ẹni tó ń wúkọ́. Kòkòrò àrùn ń tọ́ oògùn wò díẹ̀díẹ̀, títí ó fi mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó.

Nígbà tí egbò náà tún ṣí, kò sí oògùn tó ràn án mọ́. Ọlọ́lá fọ̀ ọ́ títí, ó dì í títí, ó sì gbé e wọkọ̀ lọ sọ́sibítù ńlá. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lórúnkún.

Lọ́jọ́ tí Ísákì padà dé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá kí i. Kọ́lájọ, tó ń tu ọkọ̀ wọn, gbé agolo mílíìkì kan fún Ọlọ́lá. Hóró oògùn oríṣiríṣi ló kún inú rẹ̀.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ bá wa fún un. Kálukú wa ló ṣẹ́ ẹ kù nínú tiẹ̀."

Ó ṣe Ọlọ́lá bíi kó sọ agolo náà sómi. Ísákì ti nawọ́ gbà á, ó ń dúpẹ́.